Ẹ ṣọ́ra fún jẹnẹrétọ̀ "10 kVA" tí agbára rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n kọ sí i lára

Ẹ̀yin ará Èkó, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tu owó jọ láti ra jẹnẹrétọ̀ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. ₦780,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Owó àjọ ni, èmi àti bàbá àwọn ọmọ fi ọdún kan àti oṣù méjì dá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ náà lò nílé wa ní Ṣúrúlérè kó tó jóná. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, torí ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí láàárín wa. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó fi mú mi kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn, ẹni mẹ́rin ládùúgbò wa ti sọ fún mi pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sáwọn náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbé kò pọ̀ jù: fíríìjì kan, fírísà kan, fáànù mẹ́rin, pọ́ǹpù omi 1 hp, àti éèsì 1.5 hp tó wà ní yàrá ìyá ọkọ mi, torí ooru kì í jẹ́ kí màmá sùn. Oníná tó máa ń bá wa ṣiṣẹ́ ló ní 10 kVA ló máa tó o (kVA ni wọ́n fi ń wọn agbára jẹnẹrétọ̀, 1 kVA kò sì ju 1,000 wáàtì lọ), òun náà ló mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ tán ni mo gbọ́ pé wọ́n yọ tiẹ̀ fún un nínú owó tí mo san. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó máa jẹ nínú ọjà yan ṣọ́ọ̀bù fún yín.

Ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, kọ́pà ni o, ògidì kọ́pà. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí." Lóòótọ́ ni wọ́n kọ "100% copper" sí i lára, ìyẹn ni pé ògidì bàbà ni wáyà inú rẹ̀, wọ́n sì kọ "10 kVA" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gàdàgbà bí àtẹ́lẹwọ́. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ki gílóòbù méjì àti fáànù kan bọ̀ ọ́. Iná tàn yòò, fáànù ń fẹ́, a bá sanwó.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Gílóòbù méjì àti fáànù kan kò tó 200 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" á gbé e láìmí kanlẹ̀. Ẹni tó bá fi gílóòbù dán jẹnẹrétọ̀ wò fún yín kò tíì dán nǹkan kan wò.

Nílé, tó bá jẹ́ fíríìjì àti fáànù nìkan ló wà lórí rẹ̀, kò sí wàhálà. Bá a bá ti tan éèsì báyìí, ohùn ẹ̀rọ á wálẹ̀, á máa mí hẹlẹ bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè, gbogbo gílóòbù ilé á ṣú. A pe ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Mummy, tuntun ni, ara rẹ̀ ò tíì yá ni." A ní sùúrù. Lálẹ́ ọjọ́ kọkànlélógún, òórùn bí ìgbà tí rọ́bà ń jó gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, iná sì kú fin-ín.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Mushin tó ń wé kọ́ìlì, ìyẹn wáyà inú jẹnẹrétọ̀ tó ń mú iná jáde, ló bá wa tú u. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha orí wáyà kan, wọ́n nà án sí mi pé kí n wò ó. Funfun báláú! Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kùn ún tó fi jọ bàbà. "Alumíníọ̀mù ni, ìyá wa. Bí wọ́n ṣe ń kó o wọlé nìyẹn."

Mi ò sọ pé alumíníọ̀mù ò lè ṣiṣẹ́ o. Bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ bá mọ̀ pé òun ló fẹ́ lò, tó lo èyí tó nípọn dáadáa, tó sì sọ ọ́ fún oníbàárà, ìyẹn ò burú, owó rẹ̀ á sì dínkù. Ìwà jìbìtì ni pé kí wọ́n kùn ún lọ́dà kí wọ́n sì gba owó bàbà lórí rẹ̀. Bí iná ṣe ń gba inú alumíníọ̀mù kọjá kò ju nǹkan bí 61 nínú 100 ti bàbà lọ. Tí wáyà méjèèjì bá nípọn bákan náà, tí ẹ sì di ẹrù kan náà lé wọn, ti alumíníọ̀mù ló máa kọ́kọ́ gbóná, ooru yẹn ló sì ń jẹ ìbora ara wáyà títí á fi jóná.

Síbẹ̀, wáyà kọ́ ni irọ́ tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá yẹn ní kí n wo ara ẹ́ńjìnnì, níbi tí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà mọ́ irin: 389 cc, ìyẹn bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, àti 13 hp, ìyẹn agbára rẹ̀. Wọ́n wá bá mi ṣírò rẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ̀yin náà ṣe é kí ẹ tó sanwó. 746 wáàtì ni 1 hp. Tí gbogbo 13 hp yẹn bá di iná láìsí ìkankan tó ṣòfò, kò lè kọjá 9,700 wáàtì. Òfò sì gbọ́dọ̀ wà. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 3,600 láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n sábà máa ń wọn hp yẹn, bẹ́ẹ̀ 50 Hz ni iná tiwa ní Nàìjíríà, ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ni irú ẹ̀rọ oníbẹntirò yìí gbọ́dọ̀ máa yí. Agbára ti dín níbẹ̀. Ooru mú tiẹ̀, kọ́ìlì náà mú tiẹ̀. Ohun tó kù, tó lè gbé láti àárọ̀ di alẹ́ láìgbóná jù, kò ju nǹkan bí 5 kW (5,000 wáàtì) lọ. Ẹ́ńjìnnì 389 cc tó máa fún èèyàn ní 10 kVA ò sí, ẹni yòówù kó kọ ọ́ sí i lára.

Stíkà ni kVA tí ẹ ń rí yẹn, kò sì ṣòro láti tẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ti ara irin. Tí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ bíi 200 cc, ẹ má retí ju 2 sí 2.5 kW lọ, kódà kí wọ́n kọ 5 kVA sí i. Kí ẹ sì béèrè èyí tí wọ́n kọ "rated" sí, ìyẹn ohun tó lè máa gbé títí, ẹ má gba "maximum" lọ́wọ́ wọn, torí ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ni ẹ̀rọ fi lè gbé maximum. Ti dísẹ̀lì ńlá, 0.8 ni wọ́n máa ń fi sọ kVA di kW: 10 kVA jẹ́ 8 kW.

Ohun tó dùn mí jù ni pé 5 kW gidi, oníbàbà, ì bá gbé gbogbo ohun tí mo kà sókè yẹn, tá a bá ṣáà ti ń rántí pé a kì í tan éèsì àti pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì máa ń fa iná ní ìlọ́po ìlọ́po nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, kí wọ́n tó fara balẹ̀. Ì bá sì ti dín owó epo kù fún wa. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló fẹ́ ra ẹ̀rọ tó tóbi ju ilé rẹ̀ lọ?

Tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ì báà jẹ́ Alábà, ì báà jẹ́ Ìdúmọ̀tà, tó fi dé Owódé Onírin, ẹ di ẹrù tiyín dání. Áyọ́ọ̀nù oníná kan á jẹ nǹkan bí 1,000 wáàtì, kẹ́tùlù oníná lè jẹ 2,000, sítóòfù oníná náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ka wáàtì tí wọ́n kọ sára wọn, ẹ ṣà wọ́n jọ títí tí á fi súnmọ́ iye tí ẹni tó ń tajà pè, kí ẹ tò wọ́n lé ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ mú mítà dání. Kí fóltì wà nítòsí 230, kí Hz wà nítòsí 50. Tí fóltì bá já wálẹ̀ sí 180, tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí mí hẹlẹ, ẹ ti rí i fúnra yín. Àwọn olóòótọ́ wà lọ́jà, inú wọn á dùn pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹni tó bá ní "a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí", ẹ kí i pé ẹ kú ọjà, kí ẹ máa lọ.

Ní ti wáyà, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Ẹ má ha kọ́ìlì fúnra rẹ̀ o, ẹ ó bà á jẹ́. Ibi tí orí wáyà ti jáde wá ni kí ẹ fi ọ̀bẹ ha díẹ̀. Bàbà á pupa dénú. Ẹ wo ìwúwo náà, bàbà wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀.

Ti àlòkù tí wọ́n kùn lọ́dà, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé nìyẹn, torí kì í tètè gbéra tó bá tutù. Ọ̀dà tó bá kan rọ́bà àti orí nọ́ọ̀tì, ẹ bi wọ́n léèrè. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lafíàjí yẹ tiẹ̀ wò dáadáa, ó gbé ẹrù lé e, ó gbé e. Ó lọ gbowó ní ATM, ó padà dé, wọ́n ti bá a dì í sínú páálí. Òmíràn ni wọ́n dì fún un. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì àti ti ara kọ́ìlì, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ títí ẹ ó fi gbé e sọ́kọ̀. Nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì pẹ̀lú cc rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ náà pé bàbà ni. "Jẹnẹrétọ̀ kan" ni wọ́n kọ sórí tèmi. Nígbà tí mo padà lọ, ọ̀gá wọn ní báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni mo ti rà á. Àkáǹtì tí mo sanwó sí gan-an, orúkọ rẹ̀ kò bá ti ara pátákó mu. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, wà fún irú ẹjọ́ báyìí, òfin ọdún 2018 ló gbé e dúró. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ní tirẹ̀, LASCOPA. Ṣùgbọ́n ìwé ọwọ́ yín lẹ máa fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣì wà tó ń bí mi nínú ju owó lọ. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn sọ fún mi pé ẹ̀rọ náà ò pariwo, pé kí a gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má bàa jí i. Ẹ̀yin ará, èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pa odindi ìdílé. Ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ dè é ní ṣéènì mọ́ irin tí ẹ bá ń bẹ̀rù olè. Tí mo bá rántí pé yàrá màmá ló kángun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ara mi máa ń gbọ̀n.

Bàbá Mushin ti fi bàbà gidi wé tiwa padà. Ó ń gbé fíríìjì, fírísà àti fáànù, ó sì ń gbé éèsì màmá tí a bá pa pọ́ǹpù. Mo ti ra mítà tèmi. Ẹni tó bá wà ní agbègbè Ṣúrúlérè tó fẹ́ lọ ra jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó sọ fún mi ṣáájú, màá yá a, ọ̀fẹ́ ni.