Àyẹ̀wò HOLC: ẹ̀yáwó tí ìjọba Roosevelt fi yọ àwọn onílé lọ́wọ́ báǹkì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ Home Owners' Loan Corporation, ìyẹn HOLC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yá onílé lówó, ṣe dára tó, kó kọ́kọ́ wo irú ẹ̀yáwó tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ṣáájú rẹ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1929, ẹni tó ń ra ilé yóò fi ilé náà dógò, báǹkì yóò sì yá a ní nǹkan bí ìdajì iye rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Èlé nìkan ló sábà máa ń san. Ojú owó ò ní dín títí ọjọ́ yóò fi pé, ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ yóò sì di sísan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí owó ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n kàn ń tún ìwé náà ṣe ni. Ìgbà tí ọ̀dá owó dé lẹ́yìn 1929, báǹkì gan-an ń wá owó, kò sẹ́ni tó fẹ́ tún ìwé kankan ṣe mọ́. Nígbà tó fi di 1933, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ilé ni wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé lójúmọ́.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún yẹn ni Franklin Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, buwọ́ lu òfin tó dá HOLC sílẹ̀. Onílé tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn yóò kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn tó wà nítòsí, kí HOLC lè gba gbèsè náà lọ́wọ́ báǹkì, kí onílé sì wá máa san án fún HOLC. Ilé náà kò gbọ́dọ̀ ju ibùgbé ìdílé mẹ́rin lọ, iye rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 20,000 dọ́là. Adíyelé á wá wò ó, ibí yìí sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà: ohun mẹ́ta ni wọ́n ń ṣírò pọ̀. Èkíní ni iye tí ọjà ń dá lé ilé náà lásìkò yẹn. Èkejì ni iye ilẹ̀ àti kíkọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ti ògbó kúrò. Ẹ̀kẹta ni iye tí owó tí ayálégbé ń san lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn fi hàn pé ó tó. Ká ní iye ọjà nìkan ni wọ́n wò, ìwọ̀nba owó tí wọ́n máa yáni kò ní bo gbèsè mọ́lẹ̀ rárá. HOLC lè yáni dé ìdá 80 nínú 100 iye tí wọ́n bá rí, bí kò bá ti ju 14,000 dọ́là lọ. Owó orí ilé tí wọn ò tíì san àti owó àtúnṣe náà lè wọ inú rẹ̀.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí jù ni bí wọ́n ṣe ń san án. Èlé jẹ́ ìdá 5 nínú 100 lọ́dún, ọdún 15 ni wọ́n fi ń san án. Lórí ẹgbẹ̀rún dọ́là kọ̀ọ̀kan, 7.91 dọ́là lóṣooṣù. Ẹni tó bá yá 3,000, tó sún mọ́ iye tí ọ̀pọ̀ ń yá, yóò máa san ohun tó dín díẹ̀ ní 24 dọ́là. Lóṣù àkọ́kọ́, 12.50 nínú rẹ̀ jẹ́ èlé, ohun tó lé ní 11 dọ́là á dín ojú owó kù. Bí ojú owó ṣe ń dín, bẹ́ẹ̀ ni èlé ń dín, títí gbèsè á fi tán lóṣù 180. Lábẹ́ ètò àtijọ́, 3,000 kan náà pẹ̀lú èlé ìdá 6 jẹ́ 15 dọ́là lóṣù. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 3,000 ṣì wà lọ́rùn onílé. Òfin náà tún gbà kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì tó máa san èlé nìkan títí di oṣù kẹfà ọdún 1936.

Ibi tí nǹkan ti kọ́kọ́ há ni ọ̀dọ̀ àwọn báǹkì tó ti yá onílé lówó tẹ́lẹ̀. Bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè, tó ń mú èlé ìdá 4 wá lọ́dún ni HOLC ń fún wọn dípò owó. Níbẹ̀rẹ̀, èlé rẹ̀ nìkan ni ìjọba dúró fún, kò dúró fún ojú owó, nítorí náà ọ̀pọ̀ báǹkì kọ̀ ọ́, òfin kò sì lè fipá mú wọn. Onílé tí báǹkì rẹ̀ kọ bọ́ǹdì lè gba owó gan-an, àmọ́ ìdá 40 péré nínú iye ilé, èlé sì di ìdá 6. Báǹkì wo ló máa gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Oṣù kẹrin ọdún 1934 ni ìjọba tó dúró fún ojú owó náà, ìgbà yẹn ni ọ̀nà là.

Nígbà tí wọ́n dẹ́kun yíyáni lówó ní 1936, ó lé ní mílíọ̀nù kan ẹ̀yáwó tí wọ́n ti ṣe, àròpọ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Síbẹ̀, nínú ilé márùn-ún, nǹkan bí ọ̀kan padà bọ́ sọ́wọ́ HOLC fúnra rẹ̀, nítorí pé bó ti wù kí ètò sísan dára tó, ẹni tí kò níṣẹ́ kò lè rí i san. Ọdún 1939 ni wọ́n tó fàyè gba fífa gbèsè náà dé ọdún 25, tí wọ́n sì dín èlé kù sí ìdá 4.5. Ó yẹ kí ìyẹn ti dé ṣáájú. Àwọn ayálégbé kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ní 1930, kò tó ìdajì ìdílé Amẹ́ríkà tó ń gbé nínú ilé tara wọn.

Àwòrán ìlú (máàpù) tí HOLC yà láti 1935 ló burú jù. Ó lé ní igba ìlú tí wọ́n pín àdúgbò wọn sí àwọ̀ mẹ́rin, ewé, búlúù, yẹ́lò àti pupa, pupa sì ni èyí tí wọ́n kà sí eléwu jù fún ẹni tó fẹ́ yáni lówó. Àdúgbò táwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé, pupa ni wọ́n sábà máa ń kùn ún. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé àwòrán yìí ni HOLC fi ń yan ẹni tó máa yá lówó. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti yá èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà kí wọ́n tó yà á, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì dé àdúgbò pupa. Àmọ́ ìyẹn kò wẹ̀ wọ́n mọ́. Òǹtẹ̀ ìjọba ni wọ́n lù sórí èrò pé àwọ̀ ara ẹni ń dín iye ilé kù. FHA (Federal Housing Administration), iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934 láti máa dúró fún ẹ̀yáwó ilé, fi èrò kan náà ṣiṣẹ́: ìwé ìlànà rẹ̀ ti 1938 gba àwọn adíyelé nímọ̀ràn láti fọwọ́ sí àdéhùn ilẹ̀ tó ń lé ẹ̀yà mìíràn sẹ́yìn.