Iṣẹ́ abẹ kátárákítì: ṣé ti ẹ̀rọ ló dáa ju ti ọwọ́ lọ lóòótọ́?

Kátárákítì ni kí lẹ́ńsì inú ojú ṣú. Ilé ìwòsàn ojú tó bá ní ẹ̀rọ fákò, èyí tí wọ́n fi ń fọ́ ọ yọ, kì í fi bò. Gàdàgbà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sára pátákó, owó rẹ̀ á sì ju ti iṣẹ́ abẹ ọwọ́ lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ tọ́jú ìyá wọn gbà pé èyí tó wọ́n ló dáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ọwọ́ yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní SICS, kì í ṣe ohun tó yẹ ká fojú tẹ́ńbẹ́lú rárá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á fún abẹ́rẹ́ lignocaine sí ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú kó má mọ ìrora, wọ́n á sì kán oògùn apakòkòrò povidone-iodine ìdá 5 nínú 100 sójú, á wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán. Dókítà á wá la ibi funfun ojú, ìwọ̀n mìlímítà 6 sí 7. Kì í là á tààrà o. Ṣe ló máa gba abẹ́ awọ lọ bí ihò títí dé ibi tó ń dán níwájú ojú. Ihò yẹn ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Tó bá gùn tó bó ṣe yẹ, agbára omi inú ojú ló máa tì í pa, wọn ò ní fi òwú rán an. Tó bá kúrú jù, omi á máa jò, kòkòrò á sì ríbi wọlé. Wọ́n á ya iwájú àpò tó gbé lẹ́ńsì àdámọ́ni dúró ní róbótó, wọ́n á yọ kókó líle tó wà láàárín ní odidi, wọ́n á fọ ìyókù kúrò, wọ́n á sì ti lẹ́ńsì oníke PMMA sínú àpò yẹn.

Fákò, tí dókítà ojú Charles Kelman dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1967, máa ń fi ìgbọ̀nrìrì ìró fọ́ kókó náà wẹ́wẹ́, ó sì ń fà á mu. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tó mìlímítà 3, lẹ́ńsì tó ṣeé ká ni wọ́n ń gba ibẹ̀ fi sí i.

Dókítà ojú Sanduk Ruit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èèyàn 108 dán méjèèjì wò ní Nepal, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2007. Lẹ́yìn oṣù 6, nínú 100 àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe tiwọn, 89 ló ń ríran dé ìlà 6/18 láìlo awò (ìyẹn ni pé mítà 6 ni wọ́n ti ń rí ohun tí ojú tó dá ṣáṣá ń rí láti mítà 18). Ti fákò jẹ́ 85. Ìyẹn ò yàtọ̀ síra. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní awò tó bá wọn mu, 98 ni lápá méjèèjì. Ìṣẹ́jú 9 ni ti ọwọ́ ń gbà, ti fákò ń gba 15 àtààbọ̀. Lóòótọ́, ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ló ṣe é níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò lè rí irú èsì bẹ́ẹ̀.

Àbùkù ti ọwọ́ ni pé ọgbẹ́ tó fẹ̀ lè fa iwájú ojú wọ́, kí ìríran má sì dúró ṣánṣán láìsí awò. Ẹni tó ń wakọ̀ tàbí tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí kátárákítì rẹ̀ ò tíì le, tí owó sì wà, kó ṣe fákò. Èyí tó ti funfun, tó ti gan, ti ọwọ́ ni kẹ́ ẹ bá a ṣe, torí fákò á nílò agbára púpọ̀ láti fọ́ ọ, agbára yẹn sì máa ń pa ibi tó ń dán lára látinú.

Ìwọ̀n lẹ́ńsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè. Ẹ̀rọ A-scan ni wọ́n sábà fi ń wọn gígùn ẹyinjú. Bí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n bá fi ẹnu ẹ̀rọ tẹ ojú mọ́lẹ̀, gígùn tó máa gbé jáde á dín sí ti òótọ́. Àṣìṣe mìlímítà 1 péré á ṣi agbára lẹ́ńsì tó dáyópítà (òdiwọ̀n agbára lẹ́ńsì) 2.5 sí 3. Lẹ́ńsì tó lágbára jù ni wọ́n á fi sí i, ìyá á máa rí ohun tó wà nítòsí, ọ̀nà jíjìn á ṣókùnkùn. Ẹ bi wọ́n bóyá ojú kálukú ni wọ́n ń wọ̀n, tí wọ́n sì ń tún un wọ̀n.

Ẹ tún béèrè èsì iṣẹ́ wọn. Òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ni pé nínú 100 ojú, ó kéré tán 80 ní láti rí 6/18 pẹ̀lú awò tí aláìsàn ní lọ́wọ́, 90 pẹ̀lú awò tó bá a mu jù, èyí tí kò rí 6/60 kò sì gbọdọ̀ pé 5. Ilé ìwòsàn tí kò bá ka irú èsì yìí, kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun dáa. (Ẹni tó ń gún ojú kiri àdúgbò ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: ṣe ló ń ti kátárákítì ṣubú sẹ́yìn inú ojú, kì í yọ ọ́.)

Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò cefuroxime mìlígíráàmù 1 sínú ojú kí wọ́n tó parí. Ìwádìí ńlá kan ní Yúróòpù fi hàn ní 2007 pé kòkòrò ń wọ ojú àwọn tí wọn ò fún ní ìlọ́po bíi 5 ti àwọn tí wọ́n fún. Bí bàbá bá ti lo tamsulosin rí nítorí próstéètì, ẹ sọ ọ́ ṣáájú, bó ti ẹ̀ ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Oògùn yẹn máa ń sọ awọ tó yí ọmọlójú ká di jẹ̀lẹ́ńkẹ́, ó sì lè sá sẹ́nu abẹ.

Nílé, oògùn kíkán á gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, wọ́n á sì máa fi ike bo ojú lálẹ́. Bí ojú bá ń ro wọ́n, tó ń pọ́n sí i, tí ìríran sì ń dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ padà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún ló tún ṣú díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yìn àpò ló ń di funfun. Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ni lésà YAG fi ń là á, kò sí abẹ nínú rẹ̀.