Yíìsì instant fún pizza alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́: àgbéyẹ̀wò láti Kubwa

Ẹ̀yin èèyàn mi, yíìsì instant ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, Saf-instant ọlọ́rá pupa yẹn gan-an, ilé iṣẹ́ Lesaffre ti ilẹ̀ Faransé ló ni ín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó fún pizza tí a fi ń ṣe oúnjẹ alẹ́ nílé wa ní Kubwa níbí, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún un pé tẹ́ ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá dá yín dúró sí títì, àwọn ọmọ á ti jẹ pizza yó kí ìròyìn aago mẹ́sàn-án tó bẹ̀rẹ̀ lórí NTA. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nídìí ẹ̀ o, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé yíìsì instant ò ṣiṣẹ́ fáwọn, kì í ṣe yíìsì ló ṣe wọ́n, ibi tí wọ́n ti rà á ni.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó fi ń yára. Yíìsì tó ní hóró ńláńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní active dry, ẹ gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ná, torí yíìsì tó ti kú ló bo ara èyí tó ṣì wà láàyè nínú hóró yẹn, omi ló máa tú u sílẹ̀. Ti instant ò rí bẹ́ẹ̀, hóró tiẹ̀ kéré gan-an, ẹ kàn dà á sínú fúláwà gbígbẹ báyìí, ó parí, kò sí pé à ń rẹ ẹ́, kò sí pé à ń dúró kó hó. Fún ẹni tó dé látibi iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń pe "mọ́mì, ebi ń pa mí" láti ẹnu ọ̀nà, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Fúláwà búrẹ́dì gíráàmù 500, tẹ́ ò bá ní òṣùwọ̀n nílé kọ́ọ̀pù mẹ́rin tẹ́ ò tẹ̀ mọ́lẹ̀ máa sún mọ́ ọn, yíìsì méjì nínú ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, iyọ̀ kan àti ààbọ̀ nínú ṣíbí kan náà, ṣúgà ṣíbí ńlá kan, òróró ṣíbí ńlá méjì, omi mílílítà 300 sí 320. Màá po gbogbo gbígbẹ pọ̀, màá wá máa da omi àti òróró sí i díẹ̀díẹ̀, mi kì í dà á lẹ́ẹ̀kan náà torí bí fúláwà ṣe ń mu omi yàtọ̀ síra, tó bá tún wá di àsìkò ọyẹ́ á mu ju ti ìgbà òjò lọ nítorí pé ara ẹ̀ ti gbẹ. Ní ti omi, tó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́ bí èyí tẹ́ ẹ máa fi wẹ ọmọ jòjòló, ó tó. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin tí oòrùn Àbújá ń jóni yìí, omi tó ń jáde látinú táǹkì dúdú orí ilé wa nírọ̀lẹ́ ti lọ́wọ́ọ́rọ́ fúnra ẹ̀, mi kì í gbé e kaná rárá. Ẹ ṣáà má lo omi tó gbóná janjan, tó bá ti tó ìwọ̀n 55 sí 60 lórí Celsius yíìsì máa kú ni, kò sí àdúrà tó máa jí i.

Pípò ni ibi tí iṣẹ́ wà. Bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lórí tábìlì, ìdí àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń tì í síwájú, màá ká a padà, màá yí i, màá tún tì í. Níbẹ̀rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ara ẹ̀ á rí ṣákiṣàki, ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré bu fúláwà sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, òróró díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi pa ọwọ́ kẹ́ ẹ máa pò ó lọ. Tó bá yá ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ á sọ padà. Ìgbà yẹn ni mo máa ń dà á sínú abọ́ tí mo ti fi òróró pa, màá bò ó. Nínú ooru, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó ti wú dáadáa. Lásìkò ọyẹ́ ńkọ́? Ó máa pẹ́ díẹ̀ sí i, atẹ́gùn gbígbẹ yẹn á tún fẹ́ sọ ojú ẹ̀ di èèpá, nítorí náà aṣọ tútù tí mo ti fún omi ẹ̀ dànù ni mo fi ń bò ó, màá sì gbé e sínú oven tí mi ò tíì tàn.

Tí mo bá ń fà á sórí tíréè tó wá ń súnkì padà sáàárín, mi kì í bá a jà. Màá da aṣọ bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá lọ rẹ́ àlùbọ́sà, kí n tó padà dé á ti rọ̀, á sì gbà títí dé etí tíréè láìya.

Ẹ wá gbọ́ ibi tọ́rọ̀ ti ń dunni. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n ń já ọ̀rá yíìsì ńlá onígíráàmù 500 sílẹ̀, wọ́n á wá máa fi ṣíbí bù ú sínú náílọ́ọ̀nù kéékèèké tà, nínú oòrùn, láì bò ó. Ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ti ra èyí tó jẹ́ pé fúláwà mi jókòó láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru kò mira, àwọn ọmọ fi índómì sùn lọ́jọ́ náà, inú bí mi gan-an. Atẹ́gùn àti ooru ni ọ̀tá yíìsì. Ọ̀rá rẹ̀ tí wọ́n ti fa atẹ́gùn inú ẹ̀ tán máa ń le gbagidi bí wọ́n ṣe ń tà á, tó bá ti ń rọ̀ wọ́jọ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí wọn ò tíì já a, ẹ dá a padà. Tẹ́ ẹ bá sì ń ṣiyèméjì, ẹ bu ṣíbí kékeré kan sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀, tí kò bá fi ìfófòó bo ojú omi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má fi fúláwà yín ṣòfò lé e lórí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọ̀rá kékeré onígíráàmù 11 ni kí wọ́n rà tí wọn ò bá ń pò fúláwà lóòrèkóòrè. Ìwọ̀nba la máa lò, èyí tó kù ẹ lè ká ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ sọ ọ́ sí fíríìjì fún puff-puff òpin ọ̀sẹ̀. Èmi ń ra ńlá, àmọ́ inú ike tó dé pinpin ni mo ń dà á sí, inú fírísà ló sì ń gbé, kódà tí wọ́n bá mú iná lọ, ó ṣì sàn ju kó wà lórí pẹpẹ ìdáná lọ.

Àbúrò ọkọ mi, Akọ̀wé mi, ní tiẹ̀, kò gbà. "Ìyàwó wa, pizza tẹ́ ẹ sáré ṣe, pizza kọ́ nìyẹn." Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀. Ní Naples ní Ítálì, àwọn tó ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́ máa ń jẹ́ kí fúláwà náà wú fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán, iná igi tó gbóná jù ti inú ilé wa lọ fíìfíì ni wọ́n fi ń yan án, láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ó ti jinná, iṣẹ́ ọwọ́ wọn yẹn ni UNESCO kọ sínú àkójọ àṣà ìbílẹ̀ àgbáyé lọ́dún 2017. Àkókò ló ń fún un ní adùn, ti oníkíákíá ò lè ní irú adùn yẹn, mi ò ní parọ́. Tí mo bá mọ̀ pé Akọ̀wé ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, alẹ́ Fúráìdé ni mo ti máa pò ó, ìdajì ṣíbí kékeré yíìsì péré, omi tútù, inú fíríìjì ló máa sùn mọ́jú. Yíìsì kan náà ló ṣe méjèèjì o, ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ Túsìdé, ta ló fẹ́ dúró wákàtí mẹ́jọ?

Oven gáàsì tí púpọ̀ nínú wa ní ò gbóná tó, nítorí náà màá tàn án sílẹ̀ dé òpin fún ogún ìṣẹ́jú, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ń gbé tíréè sí, màá kọ́kọ́ yan fúláwà tí mo ti pò náà lásán fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kí n tó da ọbẹ̀ lé e, kí àárín ẹ̀ má bàa rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Tòmátì àti tàtàṣé tí mo bá lọ̀, màá sè é títí omi ẹ̀ á fi gbẹ tán. Àwọn tí ò ní oven, pánù tó nípọn ti tó, ẹ yan ojú kan lórí iná kékeré, ẹ yí i padà, ẹ tò nǹkan lé e, ẹ dé e pa títí mozzarella, ìyẹn wàràkàṣì orí pizza, á fi yọ́.

Ohun tí a ń tò lé e nílé wa ni suya, àlùbọ́sà àti yájì díẹ̀, ẹ jẹ́ kí mai suya gé e wẹ́wẹ́. Mozzarella wọ́n, mo máa ń fi wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà kún un, ẹ kàn mọ̀ pé wàrà kì í yọ́, ẹ dín in díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e lé e.

Kí n tó gbàgbé, ọlọ́rá góòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́rá pupa yìí ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ti góòlù, tìtorí fúláwà tó ní ṣúgà púpọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, ìyẹn búrẹ́dì aládùn àti dónọ́ọ̀tì. Fún pizza, ti pupa ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì wo déètì ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.