Ọjọ́ 19 nínú yàrá kan ní Àjàṣẹ́

Ilé àlejò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá mẹ́rin péré ni, kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Brazil àti àwọn ọmọ wọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí náà tó fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bàhíà ní Brazil ju mọ́ṣáláṣí lọ. Ẹ ṣáà béèrè Màmá tó ń gba àlejò lọ́wọ́ àwọn tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò, wọ́n á mú yín débẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo ní lọ́kàn láti sùn. Ọjọ́ 19 ni mo lò.

Kí n tó sọ ti bẹ́ẹ̀dì àti omi, ẹ jẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ábẹ́òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọdún yẹn, rósítà ara ògiri ló ń sọ fún mi ìgbà tí màá sùn àti ìgbà tí màá jí. Kérésì mìíràn wà tó jẹ́ pé inú yàrá ìgbẹ̀bí ni mo ti ń gbọ́ báńgà. Nígbà tí mo wá bọ́, mo ní kí n lọ wo ọmọ ọmọ mi lókè òkun, ẹ́ḿbásì kan sì lé mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé màá padà sílé. Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ dà, ìwé ilé dà, ìwé báǹkì oṣù mẹ́fà dà. Mo ká gbogbo rẹ̀, mo tì í sábẹ́ àpótí.

Bí mo ṣe gba ọ̀nà Ìdírókò nìyẹn. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ọ̀kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó lo 90 ọjọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ, n kò lò ó rí. Lápá tiwa, okùn ojú ọ̀nà kò lóǹkà, ẹnìkọ̀ọ̀kan tó dì í mú ló ń bi mí pé kí ni mo mú wá fún wọn. Àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní bá mi pè é ní òmìnira. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Ìgòlò, ibodè lápá ti Benin, ọkùnrin inú ọ́fíìsì náà wo ìwé ìrìnnà mi, ó wo ojú mi, ó lu òǹtẹ̀. Mo dúró. Mo rò pé ó gbàgbé láti béèrè ọjọ́ tí màá padà. Ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, kí lẹ tún ń dúró dè?"

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé Màmá. Ó gbé ìwé àlejò wá, ìwé ńlá onílà, àyè kan fún orúkọ, àyè kan fún ọjọ́ tí èèyàn dé, àyè kan fún ọjọ́ tí yóò lọ. Mo kọ méjì, mo wá di báírò mú. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ò ní sá." Yorùbá ló fi sọ ọ́, Yorùbá tó dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹ̀gùn máa ń já wọ inú rẹ̀ tó bá ti ń bínú.

Ó yá, yàrá. Ó mọ́. Wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, fèrèsé méjì sì kọjú sí igi máńgòrò, atẹ́gùn ń fẹ́. Mátírẹ́ẹ̀sì le, ẹ̀yìn mi fẹ́ràn rẹ̀. Fáànù òkè àjà ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́, lẹ́yìn òru mẹ́ta n kò gbọ́ ọ mọ́. Àwọ̀n ẹ̀fọn ló ya. Ihò kan wà níbi ẹsẹ̀ tí ọwọ́ mi lè gbà kọjá. Mo béèrè abẹ́rẹ́ àti òwú, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rán an bí mo ṣe máa ń rán ìyá ọlọ́mọ lẹ́yìn ìbí, kókó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ọ̀kan má baà já kí gbogbo rẹ̀ tú. Màmá wò ó títí, ó lọ kó àwọ̀n yàrá mẹ́ta yòókù wá. Mo rán gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá sùn níbẹ̀ tí ẹ̀fọn kò jẹ yín, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa kí.

Omi ni ẹjọ́ wà. Ẹ̀rọ ń yọ láti ìdájí títí di nǹkan bí aago méje, ó parí. Ìyẹn kò burú, a kúkú ti mọ bọ́kẹ́ẹ̀tì nílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹfà, omi lọ pátápátá fún ọjọ́ méjì, Màmá mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sọ. Mo ti fi ọṣẹ para tán kí n tó mọ̀. Ó bẹ̀ mí, ó sì ra omi, ṣùgbọ́n ó yẹ kó sọ.

Ẹgbẹ̀rún méje sẹ́fà ni òru kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó fi í sí 5,500 láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Oúnjẹ kò sí nínú owó, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọmọ kan máa ń kiri kọjá, "Ata! Ata!" Mo ní ta ló fẹ́ ra ata láàárọ̀ kùtù báyìí, àfi ìgbà tí ó ṣí igbá. Àkàrà ni. Ata ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wọ́n fi àkàsà tì í, tí í ṣe ẹ̀kọ. Èmi náà ni mo sọdá ibodè tán tí mo tún jókòó ti àkàrà àti ẹ̀kọ.

Iṣẹ́ wo ni mo ṣe fún ọjọ́ 19? N kò lè sọ. Mo lọ sí ọjà Àjàrá, ọjà ọrọọrún, ìgbà mẹ́ta, torí àwọn tó ń gbẹ́ ìlù. Ìgbà kẹta ni mo tó ra kékeré kan. Mo lọ sí Songhaï, oko ńlá tí Bàbá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, láti wo bí wọ́n ṣe ń fa gáàsì láti inú ìgbẹ́ ẹran. Wákàtí kan ni mo ní lọ́kàn, ilẹ̀ ṣú bá mi níbẹ̀. Màmá sọ ìtàn ọdẹ mẹ́ta tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá, tí iwin olórí mẹ́sàn-án yọ sí láti inú òkìtì ikán, pé ibẹ̀ ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, orí iwin kò dín.

Àárọ̀ Túsìdeè kan ni ara mi jí mi ní aago márùn-ún, bó ti máa ń ṣe. Mo ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó ń rọbí dè mí. Mo yọ ẹsẹ̀. Mo sọ pé Ọlọ́run, ẹ ṣeun, mo sì padà sùn títí aago mẹ́sàn-án. Omi ti lọ.

Ọmọ mi pè. "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ máa dé?" Mo ní n kò mọ̀. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Ṣé ara yín yá?"

Tí ẹ bá ní ọmọdé tó ń fẹ́ fóònù àti omi ìwẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ wá ibòmíràn. Ẹni tí kò bá kánjú ni kó lọ, kó sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dání. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Omi ló gbé ẹyọ kan lọ.