Àgbéyẹ̀wò: Mẹkáníìkì Alágbèéká Tó Wo Kẹ̀kẹ́ Márúwá Mi Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Iwájú Rẹ̀ Ṣàdédé Ń Gbọ̀n

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ ni ti mẹkáníìkì kan tó máa ń gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ bá onímárúwá níbi tí kẹ̀kẹ́ bá wà, láàárín Ìsọlọ̀, Òkè-Àfà àti Ẹ̀jìgbò. Mi ò tíì gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbé orúkọ rẹ̀ síta, nítorí náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo máa sọ, kí ẹni tó bá ní irú ìṣòro yìí lè mọ ohun tó yẹ kó retí lọ́wọ́ mẹkáníìkì tirẹ̀. Èmi ni mo ni kẹ̀kẹ́ náà. Awakọ̀ ló ń bá mi wà á, tó sì ń dá owó fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwọ̀n táyà rẹ̀ jẹ́ 4.00-8, irú èyí tí Bajaj RE àti TVS King ń lò, nítorí náà ohun tí mo bá sọ nípa ẹsẹ̀ iwájú yóò wúlò fún ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó wà nígboro Èkó.

Bí awakọ̀ bá ń rọra lọ, kò sí nǹkan kan. Bó bá ti wá sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà tó dán, ọwọ́ ìdarí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn èrò ẹ̀yìn á sì máa béèrè bóyá táyà ti jò. Kí n tó pe ọkùnrin yìí, ẹni méjì ti wò ó ní gáréèjì. Ọ̀kan ní bẹ́ríìnì ọrùn ìdarí ló ti jẹ, èkejì ní ṣọ́ọ̀kì iwájú ni. Kò sí èyí tó gbé ẹsẹ̀ náà kúrò nílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ti mọ ìsọ̀ tí a ó ti ra ẹ̀yà tuntun ní ọjà Ládípọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fura.

Ìbéèrè ni mẹkáníìkì alágbèéká yìí fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa dá a lóhùn, ó rọra dá mi dúró, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ yín fúnra wọn sọ ọ́, ọwọ́ wọn ló ń gbọ̀n.” Ó béèrè bóyá gbígbọ̀n náà máa ń pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá tẹ ìjánu, bóyá inú kòtò nìkan ló ti máa ń ṣẹlẹ̀, àti bóyá ó ṣì máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá yọ gíà tí kẹ̀kẹ́ sì ń yí lọ fúnra rẹ̀. Ó ṣàlàyé ìdí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún mi. Bó bá jẹ́ ìgbà tí a bá tẹ ìjánu nìkan ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé agolo ìjánu, ìyẹn irin inú ẹsẹ̀ tí ìjánu máa ń tẹ̀ mọ́ kí ẹsẹ̀ lè dúró, ti sọ ìrísí róbótó rẹ̀ nù. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń ké sí ni gbígbọ̀n ń tẹ̀ lé, yálà kẹ̀kẹ́ dúró tàbí ó ń lọ, a jẹ́ pé ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, ló yẹ ká lọ yẹ̀ wò, pàápàá àwọn róbà tó jókòó lé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ eré kẹ̀kẹ́ ló ń tẹ̀ lé, tí yíyọ gíà kò sì dá a dúró, ohun kan tó ń yí ni kò yí gún. Ti wa nìyẹn. Ó wa kẹ̀kẹ́ náà lọ, ó wà á bọ̀, ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Lẹ́yìn náà ló tó ti òkúta sẹ́yìn àwọn táyà ẹ̀yìn, tó sì fi igi gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè títí táyà fi kúrò nílẹ̀. Apá yìí ni mo gbádùn jù, nítorí pé mo rí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú mi. Ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó tì í, ó fà á. Bí bẹ́ríìnì ẹsẹ̀ bá ti jẹ, á máa mì, á sì máa dún, ṣùgbọ́n kò mì. Ó yí ọwọ́ ìdarí lọ sí ọ̀tún àti òsì jẹ́jẹ́, ó ń wá ibi tí yóò ti há díẹ̀, pàápàá nígbà tó bá kọjú síwájú gbọnrangandan, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọta inú bẹ́ríìnì ọrùn sábà máa ń jẹ ojú irin sí jù. Kò há. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ní gáréèjì ṣe já sí òfo, láìná kọ́bọ̀.

Ó wá fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà, ó sì gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ríìmù láìjẹ́ kó kàn án. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí, etí ríìmù ń sún mọ́ igi, ó sì ń jìnnà sí i, bí abẹ̀bẹ̀ tí irin rẹ̀ ti tẹ̀. Ó ní kí n wò ó dáadáa pé ríìmù fúnra rẹ̀ ló ń fì, nítorí bó bá jẹ́ táyà nìkan ló ń fì tí ríìmù sì dúró gún, a jẹ́ pé okùn inú táyà ti já, tàbí táyà kò jókòó dáadáa sínú ríìmù.

Ìgbà yìí ló béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n tú táyà iwájú kẹ́yìn. Awakọ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé ìṣó gún un lọ́nà Ẹ̀jìgbò, fọ́kanáísà kan sì bá òun lẹ̀ ẹ́; owó tirẹ̀ ló san, ló jẹ́ kó má sọ fún mi. Ọjọ́ kejì lẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn ni gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì ti gáréèjì kò béèrè ìbéèrè yìí rárá.

Ẹni tí kò bá mọ kẹ̀kẹ́ lè má mọ̀ pé ríìmù rẹ̀ kì í ṣe odidi. Abala méjì ni, bóòtù ló so wọ́n pọ̀, ìdí nìyẹn tí fọ́kanáísà fi lè tú u láìlo irin gígùn. Mẹkáníìkì yìí kọ́kọ́ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú táyà dànù kó tó fọwọ́ kan àwọn bóòtù wọ̀nyí, ó sì kìlọ̀ fún awakọ̀ gidigidi pé ẹni tó bá tú wọn nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, abala kan lè fò bá a lójú. Nígbà tó pín in sí méjì, ìpẹ́pẹ́ ìpáàtà àti ẹrẹ̀ tó ti gbẹ wà láàárín ojú abala méjèèjì, nọ́ọ̀tì kan kò sì fún. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ mọ́, ó tẹ́ túúbù dáadáa kó má bàa há sáàárín, ó sì ń fún àwọn nọ́ọ̀tì náà díẹ̀díẹ̀, láti èyí tó wà lápá kan bọ́ sí èyí tó kọjú sí i. Nígbà tó tún yí i, igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn àti etí ríìmù kò jìnnà síra wọn mọ́, wọn kò sì sún mọ́ra jù.

Gbígbọ̀n náà kò tán pátápátá, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó béèrè. Ojú táyà ti jẹ ní kòtòkòtò, ó ga níhìn-ín, ó kéré lọ́hùn-ún, nítorí pé òróró ti ń jò lára ṣọ́ọ̀kì, kò sì di ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ẹni kejì ní gáréèjì kò ṣàṣìṣe pátápátá. Ohun tó kéré nínú ìṣòro náà ló mú. Ìmọ̀ràn mẹkáníìkì ni pé kí n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì kí n tó ra táyà, nítorí táyà tuntun lórí ṣọ́ọ̀kì tó ti kú yóò jẹ bíi ti àtijọ́ ni. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2020 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ká kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ kò lórí ọ̀pọ̀ títì ńlá àti afárá, inú àdúgbò ni kẹ̀kẹ́ ti ń jẹun jù, kòtò inú àdúgbò kò sì ṣeé yà fún kẹ̀kẹ́ bó ṣe ṣeé yà fún mọ́tò: bí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì há kòtò láàárín, ẹsẹ̀ iwájú tó wà ní àárín gbùngbùn náà ni yóò já sí i.

Ó ní àwọn ibi tó kù sí. Ó pẹ́ kọjá àkókò tó dá. Ó ní ohun èlò ìfẹ́táyà aláfọwọ́fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní gééjì, nítorí náà a tún ní láti wa kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà láti wọn afẹ́fẹ́. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí táyà, àléébù gidi nìyẹn. Bákan náà, bí apá rẹ̀ ṣe gbà ló fi fún nọ́ọ̀tì, kò sí irinṣẹ́ tó ń wọn bí a ṣe fún un tó, kò sì sọ pé ká tún un fún lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ bá ti rìn. Èmi ni mo béèrè, ló tó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dára. Kì í fúnni ní rìsíìtì àfi téèyàn bá béèrè.

Owó àyẹ̀wò rẹ̀ dá dúró, owó iṣẹ́ sì tún dá dúró. Ìyẹn kọ́kọ́ bí mi nínú, nítorí mẹkáníìkì gáréèjì kì í gba owó wíwò. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ méjèèjì kò tó iye táyà tuntun kan, kò sì sí ẹ̀yà tí mo rà lọ́jọ́ náà. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n kìkì nígbà tó bá tẹ ìjánu kò nílò rẹ̀. Kó gbé agolo ìjánu lọ tààrà bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, nítorí mẹkáníìkì alágbèéká yìí kò ní ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ náà ni yóò sì rán an lọ. Àárọ̀ ló yẹ kéèyàn pè é, nítorí kì í gba iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́.