Lẹ́ǹsì Canon 50mm: kékeré tó ń ṣe bẹbẹ

Canon EF 50mm f/1.8 STM, tó jáde lọ́dún 2015, ni kì í kúrò lẹ́nu kámẹ́rà mi. Kò wúwo, kò tó ìdá márùn-ún kílò kan. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé gan-an: mo ya ìyá alákàrà àdúgbò wa lálẹ́, iná ti lọ, fìtílà nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, síbẹ̀ òógùn iwájú orí wọn hàn kedere, ohun tó wà lẹ́yìn wọn sì rí bàìbàì bí mo ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Mi ò tan filáàṣì o! Lójú tèmi, filáàṣì tó bá tàn tààrà síni lójú kì í sábà jẹ́ kí àwọ̀ dúdú wa yọ dáadáa.

Àmọ́ yàrá tó há kọ́ ni ibi tirẹ̀. Lórí kámẹ́rà APS-C, ìyẹn èyí tí sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ kéré, bíi lẹ́ǹsì 80mm ló ń rí: ibi tó ń kó wọ fọ́tò á dín kù. Ẹ̀yìn yín á kan ògiri kí gbogbo ẹbí tó wọ fọ́tò.