Ẹ́ńjìnnì fọ́tì tuntun méjì: ọ̀kan ni mo so fúnra mi, ọ̀kan ni dílà bá mi so

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Tó bá jẹ́ fọ́tì ọlọ́wọ́ ni, ìyẹn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí agbára ẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin ogójì, èyí tá a máa ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ fi ọwọ́ darí tá a sì ń fa okùn kó tó jí, ẹ lè so ó fúnra yín, kò sí awo kankan níbẹ̀. Ohun tí dílà tó ń tà á ní tí èmi àti ẹ̀yin ò ní kì í ṣe sípánà o, ẹ̀rọ tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì ni, àti òǹtẹ̀ lórí ìwé wáráńtì, àti pùròpẹ́là oríṣiríṣi tó kó sí sọ́ọ̀bù. Àwọn nǹkan yẹn lẹ̀ ń sanwó fún. Ti ká lu ihò ká de bóòtì, haba, káfíńtà tó mọ ọkọ̀ kàn dáadáa mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn lọ.

Yamaha Enduro 40 ni mo ń sọ o, tú-sítírókù, ìyẹn èyí tá a máa ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróò ẹ̀, sìlíńdà méjì, èyí tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́yìn ọkọ̀ apẹja àti ọkọ̀ ẹlẹ́rù káàkiri ọ̀sà. Méjì ni mo ní, orí ọkọ̀ pákó méjì ni wọ́n wà, ẹrù ọjà ni wọ́n ń kó láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìwọpín àti àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà. Èyí àkọ́kọ́, èmi àti àbúrò mi àti bàbá tó kan ọkọ̀ yẹn la jọ so ó. Nígbà tí mo máa ra èkejì, dílà ní owó iṣẹ́ ti wà nínú owó ọjà, kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ òun wá so ó, mo ní kò burú, ẹ jẹ́ n wo ohun tí wọ́n mọ̀ tí èmi ò mọ̀.

Gbígbé ẹ̀ láti inú páálí ló kọ́kọ́ máa lé òógùn jáde lára yín torí ó ju kílò 70 lọ, géńdé méjì ló yẹ kó gbé e, kí wọ́n sì rí i pé orí ẹ̀ ò lọ sílẹ̀ ju ìdí ẹ̀ lọ nígbà kankan, pàápàá tó bá ti wọ omi rí, torí omi tó ṣẹ́kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀ lè ṣàn padà wọ sìlíńdà. Mo ti rí ẹni tó da ẹ́ńjìnnì dojú bolẹ̀ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ẹ jọ̀ọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni gíga ẹ́ńjìnnì. Kẹ́ ẹ tó sanwó rárá, ẹ mú tépù, ẹ wọn ìdí ọkọ̀ láti òkè pákó tí ẹ́ńjìnnì máa gùn títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Tó bá jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 15, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú lẹ máa rà, tó bá jẹ́ 20, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, lókè pùròpẹ́là, irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó nà sẹ́yìn bí ìrù ẹyẹlé. Irin yẹn ló yẹ kó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó fi díẹ̀ lọ sílẹ̀ sí i, ìwé tó bá a wá ní kó má ju mílímítà 25 lọ, ìyẹn bí íǹṣì kan. Tó bá ga jù, atẹ́gùn á máa wọ ọ̀dọ̀ pùròpẹ́là, ẹ́ńjìnnì á máa ké lásán ọkọ̀ ò ní rìn. Tó bá lọ sílẹ̀ jù ńkọ́, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa wọ́ omi, epo á máa lọ, omi á sì máa ta wọnú ọkọ̀ látẹ̀yìn.

Ọkọ̀ fáíbà lọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún sha. Ọkọ̀ pákó tiwa, igi gbọọrọ kan wà tó gba abẹ́ ẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí igi yẹn bá sì nípọn níbi tó parí sí, omi tó bá kọjá lára ẹ̀ á ti dà rú kó tó dé ọ̀dọ̀ pùròpẹ́là, ìfófòó ni pùròpẹ́là á wá máa gbá, ẹ ó rò pé ẹ́ńjìnnì ló burú, ẹ ó máa tú kàbúrétọ̀ kiri. Bàbá káfíńtà ò jẹ́ ká gbé nǹkan kan lé ọkọ̀ àfìgbà tó ti yọjú sábẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ gbé nǹkan yín sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ n fá igi yìí." Ó mú àáké kékeré, ó dá a ní ìdagẹ̀rẹ̀, ó fá a títí tó fi tẹ́ẹ́rẹ́ pátápátá kó tó dé ìdí ọkọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó mú tépù.

Sìkúrúù ọlọ́wọ́ méjì wà lára ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ máa fi há a mọ́ pákó, àwọn kan á ní ìyẹn náà ti tó. Kò tó o. Gbìgbì tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, wọ́n á máa tú díẹ̀díẹ̀ ni. Ihò wà fún bóòtì lára irin tó fi gbá pákó mú, ẹ lu pákó yín já, ẹ ki bóòtì sítéènlẹ́ẹ̀sì bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi wọ́ṣà fífẹ̀ sínú lọ́hùn-ún kí nọ́ọ̀tì má bàa jẹ igi. Ẹ fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ omi kún inú ihò yẹn kí bóòtì tó wọ̀ ọ́, torí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà jẹra wọ pákó, tó bá wá jẹ́ pílàìwúùdù ni wọ́n fi ṣe ìdí ọkọ̀ yín, ó máa jẹrà láti inú, ojú ò ní rí i. Bóòtì irin lásán wà lọ́jà tó rọ̀ lówó, àwa tá a wà lápá Ẹ̀pẹ́ tí omi wa ò níyọ̀ púpọ̀ lè rọ́gbọ́n dá sí i fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ná Ìkòròdú sí Èkó, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọ ọ̀sà, ìpẹtà á fojú ẹ̀ rí nǹkan. Irin kékeré aláwọ̀ eérú kan tún wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ìpẹtà ló wà fún, kó máa jẹ ìyẹn dípò ẹ́ńjìnnì, ẹ má kùn ún lọ́dà.

Ó ku ká jí i. Ẹ má jí i lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan, rọ́bà tó ń fa omi nínú ẹ̀ á jó. Dúrọ́ọ̀mù tá a gé la pọnmi sí, a ti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ̀ ọ́, a fa okùn, omi tín-ín-rín tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkàn wa balẹ̀. Tí omi yẹn ò bá jáde, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Tó bá kọ̀ tí ò jí rárá, ẹ kọ́kọ́ wo okùn pupa tí wọ́n máa ń so mọ́ ọwọ́ awakọ̀, tí ò bá sí lójú ihò ẹ̀, ẹ máa fa ẹ́ńjìnnì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn awakọ̀ wa kan máa ń fi wáyà dì í pa kí wọ́n má bàa so ó mọ́ ọwọ́, ìyẹn ni pé tí wọ́n bá jábọ́ sómi, ọkọ̀ á máa lọ láìsí wọn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń gbádùn níbẹ̀.

Epo ńkọ́, kẹ́gì lítà 25 ti jẹ́ kó rọrùn: níbẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì lítà kan sí kẹ́gì pẹtiróò kan, tí wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ bá ti kọjá, ìdajì lítà. Ọ́ìlì tú-sítírókù tó wà fún ọkọ̀ omi o, tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára, kì í ṣe ti ọ̀kadà, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń ta nínú ọ̀rá. Wákàtí àkọ́kọ́ ẹ má kọjá ìdajì tọ́rọ́tù, ìyẹn ibi tá a ń yí kó lè sáré, ìkejì ẹ má kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, títí wákàtí mẹ́wàá fi pé ẹ má fún un ní gbogbo ẹ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ da ọ́ìlì gíà àkọ́kọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ́ńjìnnì nù, ihò ìsàlẹ̀ lẹ máa gba fi tuntun sí i títí táá fi yọ lókè.

Ó yá, àwọn ọmọ dílà. Wọ́n dé nínú aṣọ iṣẹ́, dìrílì oníbátìrì lọ́wọ́, iṣẹ́ wọn yá bí nǹkan míì, kí ìyàwó mi tó gbé oúnjẹ wá wọ́n ti lu ihò tán. Bóòtì tó dáa ni wọ́n lò, gọ́ọ̀mù tó dáa, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wọn ò tẹ̀ ba wo abẹ́ ọkọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ti wọn ọ́n?" Ọ̀gá wọn ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ dádì, bá a ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyí." Mo ní ó dáa, tí wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ bá ti pé, ẹ padà wá ká jọ dán an wò lójú omi, àmọ́ ẹrù á wà nínú ẹ̀, torí ọkọ̀ mi kì í rìn lófìfo.

Ibi tí mo ti jẹ àǹfààní wọn nìyí. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ wáyà pílọ́ọ̀gì, ó ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Fọ́tì yìí, tẹ́ ẹ bá fún un ní gbogbo tọ́rọ́tù, ó yẹ kó wà láàrin 4,500 sí 5,500. Tiwa ò tiẹ̀ dé 4,000 dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣiṣẹ́ báyẹn ń pa ara ẹ̀ ni, á máa gbóná, carbon dúdú bí èédú á máa dì sínú ẹ̀, etí lásán ò sì lè gbọ́ ọ, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ọ̀gá wọn ní pùròpẹ́là ni, a máa pààrọ̀ ẹ̀. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká wọn gíga ẹ̀ ná. A já ẹrù, a fa ọkọ̀ gòkè, mo fi igi tó gún gbe abẹ́ ọkọ̀ bọ́ sẹ́yìn, irin pẹlẹbẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi ohun tó ju íǹṣì méjì lọ wà nísàlẹ̀ igi! Wọ́n kàn gbé e lé ìdí ọkọ̀ láìwọn, bíi ti fáíbà. Báyìí ni wọ́n tú gbogbo bóòtì, tá a fi igi àti gọ́ọ̀mù epoxy dí ihò tí wọ́n ti lu, tí bàbá káfíńtà kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lé òkè ìdí ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè gòkè, tó sì fá igi abẹ́ ọkọ̀ náà. Nínú ọkọ̀ tuntun o, ihò tí ò yẹ kó wà níbẹ̀ ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n bẹ̀ mí, mo gbà, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Nígbà tá a padà sómi, ó gòkè, síbẹ̀ kò tíì wọ 4,500. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pùròpẹ́là ọ̀gá yẹn ti wá jóòótọ́: wọ́n gbé èyí tí píìṣì ẹ̀ kéré wá láti sọ́ọ̀bù (píìṣì ni bó ṣe yẹ kó wọ omi lọ síwájú tó tó bá yí lẹ́ẹ̀kan), bí píìṣì bá fi íǹṣì kan dín, ẹ́ńjìnnì á fi bíi igba yí sí i, ó bá sún mọ́ 5,000 pẹ̀lú ẹrù. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lórí ìyẹn. Èmi nìkan ì bá ti ra pùròpẹ́là mẹ́ta kí n tó bọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé ẹ̀rọ wọn dé orí ọkọ̀ àkọ́kọ́ náà, èyí tá a so fúnra wa, wọ́n kà á, ó wà níbi tó yẹ kó wà láìfọwọ́ kàn án. Bàbá káfíńtà kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ti wáráńtì, àwọn dílà kan máa ń sọ pé táwọn ò bá so ó, kò sí wáráńtì, àwọn míì ò bìkítà tẹ́ ẹ bá sáà ti mú un wá fún sáfíìsì àkọ́kọ́. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún ka ojú ìwé tó sọ nípa ọkọ̀ tó ń pawó, ẹ má rò pé bákan náà ni pẹ̀lú ti ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe fàájì. Ohun kan tí mo fi ń gbóríyìn fún ríra lọ́wọ́ dílà gidi ni pé tókunbọ̀ tí wọ́n tún kùn tí wọ́n wá pè ní tuntun pọ̀ níta.

Ẹni tó bá wá ń bi mí nípa ẹ́ńjìnnì tí agbára ẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 75 sókè, tó ní sítíárín níwájú, bátìrì, kébù gbọọrọ, tàbí fọ́-sítírókù tá a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, kó jẹ́ kí dílà ṣe é, pàápàá tó bá jẹ́ èèyàn ló ń gbé. Tí sítíárín bá já lójú ọ̀sà, èèyàn ló máa bá a lọ. Kó ṣáà dúró tì wọ́n pẹ̀lú tépù lọ́wọ́.

Ẹni yòówù kó so ó, ẹ fi séènì de ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ yàtọ̀ sí bóòtì, torí tó bá já bọ́ sínú ọ̀sà, ọ̀mùwẹ̀ lẹ máa sanwó fún. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ há sìkúrúù ọlọ́wọ́ méjèèjì pọ̀, àwọn olè ẹ́ńjìnnì ò sùn. Nọ́ńbà ẹ̀ wà lára irin tó fi gbá pákó mú lápá òsì, ẹ fi fóònù yà á kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbi tó ju ẹyọ kan lọ.